Onígbàjámọ̀ Abẹ́ Mọ́tò

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kò fi ẹsẹ̀ rìn, táyà ló fi yí wọlé. Obìnrin télọ̀ kan ló ń tì í bọ̀. Ó tì í kọjá lára ẹ̀ṣọ́, ó tì í kọjá níwájú àwọn ìjòyè, ó gbé e ti òpó, ó nu ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀, tẹ̀ lé e wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan kò kúrò lápò ṣòkòtò. Ìyá obìnrin náà ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣáájú wọn, ojú rẹ̀ méjèèjì funfun bí omi ọṣẹ.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ.

Baálẹ̀ wo táyà, ó wo obìnrin náà.

"Ìwọ lo pe ẹjọ́, àbí táyà ni?"

"Èmi ni, Baálẹ̀. Kí ẹ̀mí yín gùn. Táyà yìí, mo fi í dógò ni. Ọkọ mi gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́, èmi náà bá yọ táyà. Òun ò lè lọ, èmi ò lè lọ."

"Kí ló dé?"

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi. Oṣù mẹ́jọ la ti ń retí ẹ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá fi kọjá, wọ́n ní ẹ̀yìn ìlà la máa padà sí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn, kòtò ló kún ibẹ̀, mọ́tò tí bàbá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú nìkan la ní. Mọ́tò yẹn ló wá ń ké."

"Ó ń ké báwo?"

"Tó bá bọ́ sí kòtò, á ní kọ̀! Tí mo bá yí ọwọ́ ẹ̀, á ní kọ̀, kọ̀! Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó di táyà iwájú mú lápá òsì, ó mì í. Táyà ń jó. Ó ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ẹ̀ ti jẹ."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Oríkèé ni, Baálẹ̀. Irin roboto kan tó wà nínú ihò, bí orí egungun itan ṣe wà nínú ìdí. Òun ló so táyà mọ́ ara mọ́tò. Tó bá ti jẹ, á máa mì. Lọ́jọ́ tó bá já, táyà á ká sábẹ́ mọ́tò bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí."

Òsì Baálẹ̀, tí orúnkún ti ń dùn láti ọdún mẹ́ta, fi ọwọ́ pa orúnkún náà.

"Ó yé mi," ni ó wí. "Ó yé mi dáadáa."

"Mẹkáníìkì ní kí n ra tuntun wá, òun á fi í sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rà á délé. Ni ọkọ mi bá gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, 'Ṣé torí kinní kékeré yìí la ṣe fẹ́ lọ máa bẹ mẹkáníìkì? Ilé la ti máa ṣe é. Mo ti wò ó lórí fóònù.'"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló wò ó?" Ọ̀tún Baálẹ̀ ló bèèrè.

"Ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, Bàbá. Dátà tán."

"Ó wá ṣe é?"

"Ó ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó fi hámà lu irin débi pé àwọn adìẹ kọ̀, wọn ò wọlé mọ́. Ó jáde lábẹ́ ẹ̀, ó nu ojú, ó ní, 'Iṣẹ́ ti parí.' Mo wà á dé ìta. Kọ̀! Mo yí i padà. Kọ̀, kọ̀! Mo ní, 'Bàbá àwọn ọmọ, ó ṣì ń ké o.' Ó ní àbùkù ni mo fi kan òun. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò. Ó ní mẹkáníìkì kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Tí n ò bá lè fi mọ́tò yẹn gbé màmá mi bó ṣe wà, ká máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Baálẹ̀, n ò lè fi mọ́tò tó ń ké gbé ẹni tí ò ríran. Kó kó kọ́kọ́rọ́ jáde, kí n gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

"Ta ló bá ẹ yọ táyà yìí?"

"Èmi ni mo yọ ọ́. Bàbá mi kọ́ mi."

"O mọ jáàkì gbé, o mọ táyà yọ. Kí ló dé tí o ò fi fúnra rẹ ṣe gbogbo ẹ̀?"

"Wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni."

Kò sí ẹni tó wo ojú onígbàjámọ̀ nínú wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé tí tọkọtaya ti ń jà, ẹnu méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Baálẹ̀ yíjú sí ọkọ. "Onígbàjámọ̀, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Baálẹ̀. Kí Baálẹ̀ pẹ́ fún wa. Ìyàwó mi ò parọ́. Mọ́tò ń dún. Àmọ́ igbe kọ́ ni, ìkíni ni."

"Ìkíni?"

"Ìkíni ni, Baálẹ̀. Oríkèé tuntun yẹn, àlejò ni. Ó wọ ilé tí àwọn irin àgbà ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé kò ní kí wọn ni? Kọ̀: 'Ẹ kúulé o.' Kọ̀, kọ̀: 'Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.'"

Ọ̀tún Baálẹ̀ gbé orí sókè. "Ẹni tí a ti mọ̀ rí là ń kí ní 'ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.' Níbo ni àlejò tuntun ti mọ̀ wọ́n?"

"Bàbá, ilé iṣẹ́ kan náà ló rọ gbogbo wọn. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa kíra wọn tán?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ilé, Baálẹ̀. Èyí tí ìyàwó mi rà yìí, wọ́n tọ́ ọ dáadáa ni."

Òsì Baálẹ̀ fi fìlà bo ẹnu.

"Mo sì tún ní ẹ̀rí," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó fi ọwọ́ tó ṣófo yọ ìdì kan láti inú àpò àyà, ó tú táwẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù kúrò lára rẹ̀. Irin dúdú kan ni, orí rẹ̀ roboto, ọrùn rẹ̀ gùn. "Èyí tí mo yọ rèé. Ẹ wo bó ṣe jẹ! Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo oníbàárà ló rí i, gbogbo wọn ló bá wa kẹ́dùn. Káfíńtà ọ̀gangan ilé wa ló rí i jù. Ó wà níta."

Wọ́n pe káfíńtà. Ó yọ fìlà kí Baálẹ̀, kò sí fìlà lórí rẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi ṣe bíi pé ó yọ ọ́. Apá kan orí rẹ̀ ń dán bí àwo, apá kejì kún bí igbó.

"Kí ló ṣe orí ẹ?"

"Ìpè ààfin ló ká wa mọ́ ẹnu iṣẹ́, Baálẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ẹjọ́ lòun á fá ìyókù."

"O rí irin yìí rí?"

"Mo rí i, Baálẹ̀. Ó ti jẹ. Ó ń mì bí eyín bàbá àgbà."

"O fi ọwọ́ ara rẹ mì í?"

"Ojú ni mo fi wò ó, ó sì ń mì."

Baálẹ̀ na ọwọ́, ó gba irin náà. Ó di ọrùn rẹ̀ mú, ó yí i. Kò yí. Ó gbé e fún Ọ̀tún. Ọ̀tún di eyín pọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Kò yí. Òsì gbà á, ó há a sáàárín itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Irin náà yí díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dúró síbi tó yí dé.

"Èyí ò jẹ rárá," ni Òsì wí. "Èyí sàn ju orúnkún mi lọ."

Baálẹ̀ gba irin náà padà.

"Káfíńtà," ni Baálẹ̀ wí, "o ní ó ń mì bíi kí ni?"

"Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi. Abẹ ló wà lọ́rùn mi nígbà tó bi mí. Ó ní, 'Ṣé o rí i bó ṣe ń mì?' Ta ni abẹ á wà lọ́rùn ẹ̀ tí á ní òun ò rí i?"

"Lónìí ńkọ́? Abẹ dà?"

"Lónìí, ìdajì orí mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Sọ òtítọ́. Ààfin á wá fìlà fún ẹ."

Káfíńtà wo onígbàjámọ̀. Ó fi ọwọ́ kan apá tó kún, ó fi kan apá tó ń dán, ó mí kanlẹ̀.

"Èmi ni mo bá a di tọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀, táyà tó ń dún wà lápá ògiri ilé wọn. Ó ní ká má baà gbàgbé, ká sàmì sí i. Ló bá yọ ṣọ́ọ̀kì."

"Ṣọ́ọ̀kì wo?" Obìnrin télọ̀ ti dìde. "Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ oníbàárà? Èyí tí mo ti wá wá wá? Mo ti pa eku méjì nítorí ṣọ́ọ̀kì yẹn!"

"Jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "Ibo ló sàmì sí lára mọ́tò?"

"Kò sàmì sára mọ́tò, Baálẹ̀. Ara ògiri ló kọ ọ́ sí. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: TÁYÀ IWÁJÚ, Ẹ̀GBẸ́ YÌÍ."

"Ara ògiri?"

Onígbàjámọ̀ fò dìde. "Ẹ bi ìyàwó mi, Baálẹ̀! Òun ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ nǹkankan sára mọ́tò bàbá òun. Ó ní àmì ìka lásán pàápàá, òun ò fẹ́ ẹ níbẹ̀. Mo gbọ́ràn sí ìyàwó mi lẹ́nu, ó wá dẹ̀ṣẹ̀?"

Àwọn ìjòyè mi orí. Ẹni tó ní ìyàwó nínú wọn mọ ohun tó ń sọ. Ibẹ̀ nìkan ni ẹjọ́ ti fẹ́ yẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán ńkọ́?"

"Oòrùn mú, Baálẹ̀. Iwájú mọ́tò tí a ti ń ṣiṣẹ́ wà nínú oòrùn, ẹ̀yìn ẹ̀ wà lábẹ́ igi. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán, a ní kí la ń jìyà sí? A ti mọ́tò síta, a yí i po, a fi iwájú ẹ̀ sábẹ́ igi. Ara tù wá. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ ka ògiri. Ògiri ní táyà iwájú, ẹ̀gbẹ́ yìí. Ó bá wọ abẹ́ ẹ̀."

"Ẹ ti yí mọ́tò po."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Táyà tó wà lápá ògiri láàárọ̀ ti bọ́ sí apá títì."

"Báyìí tí ẹ sọ ọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, Baálẹ̀."

"Kò sí ohun tó fu yín lára rárá?"

"Ó ku díẹ̀ kó fu wá lára. Láàárọ̀, a ti da epo sí àwọn nọ́ọ̀tì kí wọ́n lè rọ̀. Lọ́sàn-án, a bá wọn ní gbígbẹ táútáú. Ó ní oòrùn ló fà á mu."

Ọ̀tún Baálẹ̀ fi ọwọ́ di orí. "Èyí tí ara rẹ̀ yá lẹ yọ jù sílẹ̀. Èyí tó ń ṣàìsàn wà lódì kejì, ó ń wò yín."

"Ó ń wò wá, Bàbá."

Baálẹ̀ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá, ẹ wà nílé lọ́jọ́ náà?"

Ìyá arúgbó náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Mo wà nílé, Baálẹ̀. Ojú ni ò rí, etí ò di. Bàbá ọmọ mi wa mọ́tò yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Mo mọ ìró rẹ̀ bí mo ṣe mọ ìwúkọ́ ọkọ mi. Mo jókòó sí fàráńdà. Láàárọ̀, ìró irin ń ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá, ó dáa. Lọ́sàn-án, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i po. Nígbà tó yá, ìró irin tún ń ti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá. Mo bá pe ọkọ ọmọ mi. Mo ní, 'Ọmọ mi, ẹ ti yí mọ́tò. Ṣé ẹ yí ara yín náà?'"

"Kí ló ní?"

"Ó ní, 'Màmá, ẹ fojú sinmi.'"

Àwọn ìjòyè kérora.

"Màmá, mo ní kí ẹ sinmi ni," ni onígbàjámọ̀ wí. "Mi ò dárúkọ ojú."

"O dárúkọ ẹ̀."

"Ó dárúkọ ẹ̀," ni káfíńtà wí. Ẹnikẹ́ni ò bi í.

"Ṣùgbọ́n, Baálẹ̀," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "ẹ má fìyà púpọ̀ jẹ ẹ́. Ọkọ ọmọ dáadáa ni. Wọ́n fún mi ní oògùn ojú tí mo gbọ́dọ̀ máa lò títí di Ọjọ́bọ̀. Àràárọ̀ ló ń bá mi kán an kó tó lọ ṣọ́ọ̀bù. Kò pa á jẹ rí."

"Ó káre. Ojú wo ni wọ́n máa ṣe?"

"Òsì."

"Òun náà ló ń kán oògùn sí?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí ìborùn rẹ̀.

"Ìyá?"

"Ọ̀tún ló ń kán an sí, Baálẹ̀."

Gbogbo ààfin hó. Obìnrin télọ̀ na ìka sókè. "Tó bá ti jáde, èmi ni mo máa ń kán an sí òsì."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹ ò sì sọ fún un?"

"Inú rẹ̀ ń dùn sí i, Baálẹ̀," ni ìyá wí. "Ó máa ń kọrin tó bá ń kán an."

Onígbàjámọ̀ wo ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ jáde lápò. "Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Kò pa ojú ọ̀tún lára, ọmọ mi. Ó fi wẹ̀ ni."

Ọ̀tún Baálẹ̀ ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni?"

"Bàbá, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń wo orí ènìyàn nínú dígí. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ dúró síwájú dígí lójoojúmọ́, ká wo bó ṣe máa rí. Àti pé kí ni ìyàtọ̀ gan-an? Ṣebí àwọn àgbà ló ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́? Agbára tuntun tí mo fi sí ọ̀tún mọ́tò, díẹ̀díẹ̀ á rìn dé òsì."

"Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o!" Òsì Baálẹ̀ ti dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún. "Láti ọjọ́ tí mo ti joyè, kò sẹ́ni tó tíì là á mọ́lẹ̀ níbí pé Ọ̀tún ò ju Òsì lọ."

"Ta ni ò jù ọ́ lọ?" Ọ̀tún náà dìde. "Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ọkùnrin yìí síta!"

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Àwọn méjèèjì jókòó.

"Onígbàjámọ̀. O ní ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan náà ni?"

"Ọ̀kan náà ni, Baálẹ̀. Ọmọ ìyá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú gbangba."

"Lọ gbé bàtà rẹ wá lẹ́nu ọ̀nà."

Ó lọ gbé e wá. Bàtà aláwọ ni, ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ó hàn pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Mo dájọ́ báyìí," ni Baálẹ̀ wí. "Kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ. Láàárọ̀ ọ̀la, mẹkáníìkì á wá sílé yín, á fi oríkèé tuntun sápá òsì, á sì yẹ èyí tí o fi sápá ọ̀tún wò. Ìwọ lo máa ra òmíràn. Ìwọ lo máa di tọ́ọ̀ṣì, o ò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Tí wọ́n bá ṣe é tán, ìyá á jókòó síwájú mọ́tò, ọmọ rẹ̀ á wà á gba inú kòtò mẹ́ta. Bí etí ìyá ò bá gbà, iṣẹ́ ò tíì tán. Kò sí ojú tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nínú ilé yẹn, etí ìyá nìkan ni.

"Ó ku ọ̀rọ̀ bàtà. Nígbà tí ọ̀tún àti òsì jẹ́ ọ̀kan náà, ti bàtà ọ̀tún bọ ẹsẹ̀ òsì, kí o ti tòsì bọ ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni wàá wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni wàá wọ̀ ọ́ dé ilé ìwòsàn. O ò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ títí dókítà á fi ṣí aṣọ kúrò lójú ìyá. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ rí."

Onígbàjámọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ẹnu bàtà kan ń lọ sílé, ẹnu èkejì ń lọ sóko. Òsì Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé orúnkún. Káfíńtà, tí ẹ̀ṣọ́ ti wá fìlà fún, fà á bo ojú.

"Baálẹ̀, ó ń fún mi."

"Fi ara balẹ̀. Wọ́n ń kíra wọn ni."

A ti fẹ́ dìde nígbà tí ìyá gbé ọwọ́ sókè.

"Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní tí wọ́n bá ṣe ojú yìí tán, odindi ọ̀sẹ̀ kan, mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan, mi ò gbọdọ̀ wúkọ́ líle, mi ò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kẹ̀?"

"Ẹ̀rín tó bá ń mi ni láti inú. Ó ní ó lè ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ẹ wá ní ẹsẹ̀ ọmọ yìí ni mo máa kọ́kọ́ rí." Èjìká rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níbi tó jókòó sí. "Ìró rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ báyìí o, Baálẹ̀."

Inú onígbàjámọ̀ dùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti tú okùn bàtà.

Baálẹ̀ na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"Ẹ jàre, ìyá. Kò yẹ ká fi ìdájọ́ ba ojú yín jẹ́." Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, kọ ọ́ pé kó máa fi aṣọ bo ẹsẹ̀ tó bá ti wà níwájú ìyá, kó sì wọ bàtà náà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, títí ìyá á fi lè rẹ́rìn-ín dé ikùn."

Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.